Òrùka Inú Igi: Ọjọ́ Orí Igi àti Òjò Ìgbà Àtijọ́

Ẹnikẹ́ni tí ó bá ti dúró ní ilé ìlagi, níbi tí wọ́n to àwọn ìtì gẹdú jọ sí kí wọ́n tó fi ayùn là wọ́n sí pákó, yóò ti ṣàkíyèsí pé ojú ibi tí a ti gé igi kì í ṣe ojú kan ṣoṣo. Àwọn ìlà róbótó róbótó wà níbẹ̀, ọ̀kan nínú èkejì, láti àárín gbùngbùn títí dé abẹ́ èèpo, gẹ́gẹ́ bí omi ti máa ń ṣe nígbà tí a bá sọ òkúta sínú odò. Ọ̀pọ̀lọpọ̀ ènìyàn ni ó ti rí àwọn ìlà wọ̀nyí tí wọn kò sì kà wọ́n sí ju ẹwà pákó lọ. Bẹ́ẹ̀ ni ó sì jẹ́ pé, ní àwọn ilẹ̀ kan, àwọn ìlà wọ̀nyí gan-an ni àwọn awalẹ̀pìtàn, àwọn tí ń ṣírò ojú ọjọ́ àti àwọn tí ń pín omi odò fún ìlú ńláńlá ń gbójú lé láti mọ ohun tí ó ṣẹlẹ̀ ní àwọn ọdún tí ẹnikẹ́ni kò kọ ìtàn wọn sílẹ̀. Òrùka igi ni orúkọ tí ó yẹ wọ́n jù lọ, nítorí pé bí òrùka ti yí ìka ká ni wọ́n ṣe yí igi ká.

Kí ọ̀rọ̀ náà lè yé ni yékéyéké, ó yẹ kí a kọ́kọ́ mọ ibi tí igi ti ń sanra. Kì í ṣe àárín rẹ̀. Àárín igi ti parí iṣẹ́ rẹ̀ láti ọjọ́ pípẹ́. Dídúró ni ó kàn dúró gẹ́gẹ́ bí òpó ilé. Abẹ́ èèpo ni ìyè wà, nínú awọ tẹ́ẹ́rẹ́ kan tí ó tutù, tí ó sì máa ń yọ̀ nígbà tí a bá ṣẹ̀ṣẹ̀ bó èèpo kúrò. Awọ yìí ni ó ń dá igi titun lé orí ti àtijọ́ láti ìta, ìpele lórí ìpele. Nítorí náà, ohun tí ó wà ní àárín ìtì ni igi náà nígbà tí ó wà ní ọ̀dọ́, èyí tí ọmọdé lè fi ọwọ́ kan fà tu. Ohun tí ó sì wà lábẹ́ èèpo ni ti ọdún tí a gé e.

Ní ilẹ̀ Yúróòpù àti ní àríwá Amẹ́ríkà, òtútù ni ó ń pàṣẹ fún igi. Nígbà tí yìnyín bá bo ilẹ̀, igi a sùn, kò ní fi ohunkóhun kún ara rẹ̀. Nígbà tí ìgbà ìrúwé bá dé, tí ilẹ̀ sì rọ̀, a bẹ̀rẹ̀ sí í dàgbà kíákíá, igi tí ó ń dá ní àkókò yìí a sì fúyẹ́, àwọ̀ rẹ̀ a mọ́lẹ̀. Bí ọdún ti ń rẹlẹ̀ lọ, tí òtútù sì ń padà bọ̀, ìdàgbàsókè rẹ̀ a fà sẹ́yìn, igi tí ó ń dá a wá le, a sì dúdú. Lẹ́yìn èyí ni oorun tún dé. Ìpàdé igi dúdú ọdún tí ó kọjá àti igi mímọ́ ọdún titun ni ojú ń rí bí ìlà. Òrùka kan, ọdún kan.

Ní ilẹ̀ Yorùbá kò sí yìnyín, ọ̀pọ̀ ọ̀mọ̀wé ayé àtijọ́ ni ó sì ti sọ pé kò sí òrùka tí a lè kà nínú igi ilẹ̀ olóoru. Àṣìṣe ni. Ọyẹ́ àti ẹ̀ẹ̀rùn ń ṣe fún igi níhìn-ín ohun tí òtútù ń ṣe fún wọn lọ́hùn-ún. Igi tí ó bá ń wọ́wé ní oṣù Kejìlá, tí ó sì tún ń rúwé nígbà tí òjò àkọ́rọ̀ bá dé, igi bẹ́ẹ̀ sinmi, ìsinmi rẹ̀ a sì fi àpá sílẹ̀ nínú rẹ̀. Afàrà wà lára wọn. Tíìkì pẹ̀lú wà lára wọn, igi tí wọ́n kó wá láti Éṣíà tí ó sì ti kún oko ìjọba káàkiri ìwọ̀ oòrùn Nàìjíríà: òrùka rẹ̀ hàn gbangba débi pé ẹni tí kò kọ́ iṣẹ́ náà rárá lè kà á. Ṣùgbọ́n àwọn igi tí ewé wọn kì í tán lórí lọ́dún yíká, tí wọ́n wà ní ibi tí omi kì í gbẹ, a máa ṣòro kà. Òmíràn nínú wọn kò tilẹ̀ ní ìlà kankan tí ó ṣe é fọkàn tẹ̀. Ní ti ọ̀pẹ àti àgbọn, kí ẹnikẹ́ni má ṣe yọ ara rẹ̀ lẹ́nu. Wọn kò ní awọ ìyè tí ń yí igi ká lábẹ́ èèpo, nítorí náà wọn kò ní òrùka, bí ó ti wù kí wọ́n pẹ́ tó lórí ilẹ̀.

Báwo ni wọ́n ṣe wá mọ̀ dájú pé òrùka tí ó wà nínú igi Áfíríkà kan jẹ́ ti ọdọọdún, tí kì í ṣe ti oṣù mẹ́fà mẹ́fà? Ọmọ ilẹ̀ Faransé kan, Alain Mariaux, tí ó ṣiṣẹ́ lórí igi ilẹ̀ Áfíríkà ní àwọn ọdún 1960, lo ọ̀nà kan tí ó rọrùn púpọ̀. A ó fi ọ̀bẹ gé ihò kékeré kan sí ara igi tí ó wà láàyè títí tí yóò fi kan awọ ìyè abẹ́ èèpo, a ó sì kọ ọjọ́ náà sílẹ̀. Igi yóò wo ọgbẹ́ náà sàn, ṣùgbọ́n àpá rẹ̀ kò ní parẹ́ nínú rẹ̀. Lẹ́yìn ọdún mélòó kan, a ó gé igi náà, a ó sì ka òrùka tí ó wà láti ibi àpá dé èèpo. Bí ọdún márùn-ún bá ti kọjá tí òrùka sì jẹ́ márùn-ún, ọ̀rọ̀ ti parí. Bákan náà ni wọ́n ń fi tíìkì tí a mọ ọdún tí wọ́n gbìn ín dán ìkà wò.

Ẹni tí ó bá ń gbọ́ èyí lè rò pé gígé ni a gbọ́dọ̀ máa gé gbogbo igi tí a bá fẹ́ mọ ọjọ́ orí rẹ̀. Kò rí bẹ́ẹ̀. Irin kan wà tí inú rẹ̀ ṣófo, tí ẹnu rẹ̀ sì mú, tí a ń yí wọ inú igi láti ìta dé àárín. Nígbà tí a bá fà á jáde, ọ̀pá igi tẹ́ẹ́rẹ́ kan tí kò nípọn tó pẹ́ńsùlù a tẹ̀ lé e, gbogbo òrùka a sì wà lára rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Wọn a fi bébà ìhagi ha á títí yóò fi dán, wọn a sì fi awò tí ń sọ ohun kékeré di ńlá wò ó. Igi náà a dúró síbẹ̀, a sì máa dàgbà lọ.

Ìṣẹ̀lẹ̀ kan wà tí àwọn tí ń ṣe iṣẹ́ yìí kì í fẹ́ràn láti máa rántí. Lórí àwọn òkè ìwọ̀ oòrùn Amẹ́ríkà, níbi tí òtútù pọ̀, tí afẹ́fẹ́ le, tí ilẹ̀ sì jẹ́ kìkì òkúta, ni igi páìnì kan wà tí wọ́n ń pè ní bristlecone. Kò ga, kò lẹ́wà. Ìdajì rẹ̀ a máa gbẹ, a sì wọ́ bí ẹni tí àrùn ti bá jà. Ní ọdún 1957 ni Edmund Schulman rí ọ̀kan nínú wọn lórí òkè White Mountains ní California tí òrùka rẹ̀ ju 4,600 lọ. Wọ́n sọ igi náà ní Methuselah, orúkọ baba ńlá inú Bíbélì tí ó gbó jù lọ. Schulman kú ní oṣù Kìn-ín-ní ọdún 1958, kí ìròyìn tí ó kọ nípa àwọn igi náà tó jáde nínú ìwé National Geographic ní oṣù Kẹta ọdún náà. Ọdún mẹ́fà lẹ́yìn èyí, ní ọdún 1964, akẹ́kọ̀ọ́ kan tí ń wá ọjọ́ orí àwọn yìnyín àtijọ́ lórí òkè Wheeler ní Nevada gba àṣẹ láti gé ọ̀kan nínú irú igi bẹ́ẹ̀. Lẹ́yìn tí ayùn ti kọjá tán ni wọ́n jókòó kà á. Òrùka 4,862 ni ó wà nínú ìtì náà. Kò sí igi kankan tí ẹnikẹ́ni tíì ka òrùka rẹ̀ tó bẹ́ẹ̀ títí di ọjọ́ náà, wọ́n sì ti pa á. Igi náà ti hù kí wọ́n tó kọ́ àwọn ilé-ibojì ńlá onígun mẹ́ta ti Gísà ní Íjíbítì.

Kíka òrùka ní iye nìkan kò tó, ó sì tún lè tan ni jẹ. Bí òjò bá dá láàárín ọdún tí ó sì tún padà rọ̀, igi lè dá òrùka méjì ní ọdún kan; bí ọ̀dá bá sì mú gidigidi, ó lè má dá ọ̀kankan rárá ní apá kan ara rẹ̀. Ẹni tí ó tú àdììtú yìí ni Andrew Ellicott Douglass, ọmọ Amẹ́ríkà tí a bí ní ọdún 1867. Iṣẹ́ igi kọ́ ni ó kọ́. Onímọ̀ nípa ìràwọ̀ ni, ohun tí ó sì ń wá ni bóyá àwọn àmì dúdú tí ń pọ̀ tí ó sì ń dínkù ní ojú oòrùn ní nǹkan bí ọdún 11, ọdún 11, ń yí òjò ayé padà. Kò rí àkọsílẹ̀ òjò tí ó gùn tó láti fi wádìí rẹ̀ ní ilẹ̀ gbígbẹ Arizona tí ó ń gbé. Nígbà náà ni ó rò ó pé ní ilẹ̀ tí omi ti ṣọ̀wọ́n, òjò nìkan ni yóò máa sọ bí igi yóò ti sanra tó: ọdún tí òjò bá pọ̀, òrùka a fẹ̀, ọdún tí ọ̀dá bá dá, òrùka a há. Bí ó ti rò ó gan-an ni ó rí.

Ohun tí Douglass ṣàkíyèsí ni pé gbogbo igi agbègbè kan ni ó ń sọ ìtàn kan náà. Ọ̀nà tí ó gbà lò ó kì yóò ṣàjèjì sí ilé Yorùbá. Kí ìwé tó dé, àwọn àgbà kò fi iye ka ọdún. Ohun tí ó ṣẹlẹ̀ ni wọ́n fi ń pè é. Ọdún tí eéṣú jẹ oko, ọdún tí ogun kó ìlú báyìí, ọdún lùkúlùkú. Bí baba àgbà kan bá ka àwọn ọdún ayé rẹ̀ láti ìgbà èwe dé ogbó, tí ìròyìn tí baba rẹ̀ ti fi sílẹ̀ kí ó tó kú sì tún wà nílẹ̀, ibì kan wà tí ìròyìn méjèèjì yóò ti pàdé: eéṣú kan náà, ọ̀dá kan náà, lẹ́yìn rẹ̀ òjò ńlá kan náà, ní títò kan náà. Bí a bá so wọ́n pọ̀ níbẹ̀, ìtàn ìran méjì ti di ọ̀kan. Bẹ́ẹ̀ ni Douglass ṣe pẹ̀lú igi. Ó mú igi tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ gé, tí a mọ ọdún tí òrùka ìkẹyìn rẹ̀ jẹ́. Ó wá igi àjà ilé àtijọ́ kan tí òrùka ìta rẹ̀ bá òrùka inú ti èkínní mu, fífẹ̀ sí fífẹ̀, híhá sí híhá. Ó sì ń lọ sẹ́yìn bẹ́ẹ̀ láti ọwọ́ igi kan sí òmíràn. Bí òrùka kan bá sọnù nínú igi kan, ẹgbẹ́ rẹ̀ a tú u fó.

Ní ilẹ̀ New Mexico àti Arizona, àwọn ọmọ onílẹ̀ tí a ń pè ní Pueblo ti fi ilé ńláńlá olókùúta sílẹ̀, tí igi àjà wọn kò tíì jẹrà nítorí gbígbẹ ilẹ̀ náà. Pueblo Bonito ni ó lókìkí jù lọ nínú wọn, ilé kan ṣoṣo tí yàrá rẹ̀ pọ̀ bí ti abúlé odindi. Ta ni ó mọ ìgbà tí wọ́n kọ́ ọ? Àwọn kan sọ ẹgbẹ̀rún ọdún, àwọn mìíràn sọ ẹgbẹ̀rún méjì. Douglass kó igi àjà wọn jọ, ó sì rí ọdún 585 so pọ̀ lára wọn, ọ̀kan tẹ̀ lé èkejì láìsí àléébù. Ṣùgbọ́n ọdún wo? Àkọsílẹ̀ yìí kò kan ti igi òde òní níbì kankan. Ó dà bí ìwé tí ó ní ojú ewé púpọ̀ ṣùgbọ́n tí ẹ̀yìn rẹ̀ ti ya.

Wọ́n wá igi tí yóò di àlàfo náà fún ọ̀pọ̀ ọdún. Ní ọjọ́ 22 oṣù Kẹfà ọdún 1929, ní ìlú kékeré Show Low ní Arizona, àwọn tí ń bá Douglass ṣiṣẹ́ hú ìtì igi kan jáde tí iná ti jó di èédú lára. Ẹni tí kò mọ̀ ì bá fi dáná. Wọ́n fún un ní nọ́ńbà HH-39. Ní alẹ́ ọjọ́ náà ni Douglass jókòó tì í. Òrùka ìta rẹ̀ bá àkọsílẹ̀ igi òde òní mu ní àwọn ọdún 1300 àti díẹ̀. Òrùka àárín rẹ̀ gan-an jẹ́ ti ọdún 1237, ó sì wọ inú àkọsílẹ̀ ilé àtijọ́. Àwọn méjèèjì ti di ọ̀kan, wọ́n sì lọ sẹ́yìn dé ọdún 700 lẹ́yìn ikú Olúwa wa. Láti òru ọjọ́ kan ni a ti mọ̀ pé láàárín ọdún 919 àti 1130 ni Pueblo Bonito wà ní ipò ògo rẹ̀. Kì í ṣe àbá mọ́, kì í ṣe ìtàn àròsọ.

Ohun mìíràn tún farahàn nínú àwọn òrùka náà, èyí tí ó burú. Láti ọdún 1276 títí dé 1299, òrùka há, ó há, ó tún há. Ọ̀dá ni, ọdún mẹ́rìnlélógún. Ní òpin ọ̀rúndún kan náà ni àwọn ènìyàn tí ń gbé inú àwọn ilé ihò àpáta ní Mesa Verde kúrò níbẹ̀ tí wọn kò sì padà. Àwọn onímọ̀ ṣì ń jiyàn bóyá ọ̀dá náà nìkan ni ó lé wọn, tàbí ìjà àti àìsí ìṣọ̀kan wà nínú rẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹni tí ó bá ti dá oko rí mọ ohun tí ọdún mẹ́rìnlélógún láìsí òjò dáadáa lè ṣe sí ìṣọ̀kan ìlú.

Kì í ṣe gbogbo igi ni ó ní ìròyìn láti sọ. Igi tí ó wà létí odò, tí ẹsẹ̀ rẹ̀ wà nínú omi lọ́dún yíká, òrùka rẹ̀ a dọ́gba bákan náà láti ọdún dé ọdún. Ayé ti rọ̀ ọ́ lọ́rùn, kò rí ohun tí ó ní í lára. Igi tí ìyà ń jẹ ni ẹlẹ́rìí. Èyí tí ó wà lórí àpáta gbígbẹ a sọ ti òjò. Èyí tí ó wà ní òkè gíga tàbí ní ìhà àríwá ayé níbi tí òtútù ti fẹ́ pa á, a sọ ti ooru àti òtútù. Láti ọ̀dọ̀ irú àwọn igi bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ti rí i pé òtútù àjèjì kan bo apá púpọ̀ nínú ayé láti ọdún 536, nígbà tí èéfín àti eérú òkè oníná bo ojú oòrùn.

Ibi tí ọ̀rọ̀ yìí ti kan Ilé-Ifẹ̀ ni èyí. Ní ọdún 1960, Willard Libby gba ẹ̀bùn Nobel nítorí ọ̀nà tí ó rí láti fi kábọ́nù mọ ọjọ́ orí èédú, egungun àti ohun gbogbo tí ó ti ní ẹ̀mí rí. Ọ̀nà yìí ni wọ́n lò fún èédú tí wọ́n rí nígbà tí wọ́n walẹ̀ ní Ìta Yemòó ní Ilé-Ifẹ̀, níbi tí Frank Willett ti bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ lẹ́yìn tí wọ́n ti rí àwọn ère idẹ níbẹ̀ ní ọdún 1957. Ṣùgbọ́n Libby rò pé iye kábọ́nù yìí nínú afẹ́fẹ́ kì í yí padà láti ìgbà dé ìgbà, èyí kò sì rí bẹ́ẹ̀. Ta ni ó dá a mọ̀? Igi ni. Wọ́n mú òrùka igi bristlecone tí ọjọ́ orí rẹ̀ dájú nípa kíkà, wọ́n fi ọ̀nà Libby wọ̀n ọ́n, ìdáhùn méjèèjì kò sì bára mu. Fún ohun tí ó ti tó 5,000 ọdún, àṣìṣe náà ju 500 ọdún lọ. Láti ìgbà náà, kò sí awalẹ̀pìtàn kankan tí yóò sọ iye ọdún tí ilé ìwádìí fún un láìkọ́kọ́ fi í wé àkọsílẹ̀ òrùka igi, tí igi óákù àti páìnì ilẹ̀ Jámánì ti mú dé ìgbà tí ó ju 12,000 ọdún sẹ́yìn. Nípa bẹ́ẹ̀, igi tí ó hù ní ilẹ̀ òtútù ni ó ń tún ọjọ́ orí ohun tí wọ́n hú ní Ifẹ̀ ṣe.

Ní ọdún 2012, Fusa Miyake àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ní Japan rí i nínú igi kédárì pé kábọ́nù yìí fò sókè lójijì láàárín ọdún 774 àti 775. Irú rẹ̀ kan tún ṣẹlẹ̀ ní ọdún 993. Èyí wúlò lọ́nà ìyanu: òrùka ọdún 993 di àmì tí a lè dá mọ̀ nínú igi èyíkéyìí, níbikíbi tí ó bá ti hù. Ní Newfoundland ní Kánádà, níbi tí àwọn atukọ̀ Norse láti ìhà àríwá Yúróòpù ti gúnlẹ̀ rí, igi mẹ́ta wà tí wọ́n fi ohun èlò onírin gé. Àwọn onímọ̀ wá àmì náà nínú wọn, wọ́n sì ka òrùka síta láti ibẹ̀. Méjìdínlọ́gbọ̀n ni. Ní ọdún 2021 ni wọ́n kéde pé ọdún 1021 ni wọ́n gé àwọn igi náà, èyí tí ó ju 470 ọdún lọ kí Columbus tó rékọjá òkun.

Kí ẹnikẹ́ni má ṣe rò pé ọ̀rọ̀ ìtàn nìkan ni èyí. Odò Colorado ni ó ń fún ìwọ̀ oòrùn Amẹ́ríkà gbígbẹ ní omi, nǹkan bí 40 mílíọ̀nù ènìyàn ni ó sì ń gbójú lé e lónìí. Ní ọdún 1922, àwọn ìpínlẹ̀ méje tí odò náà kàn jókòó láti pín in. Ìwọ̀n tí wọ́n ń lò ni omi tí ó lè bo ẹ́kà ilẹ̀ kan mọ́lẹ̀ dé ẹsẹ̀ bàtà kan. Wọ́n fún ìpínlẹ̀ òkè odò ní mílíọ̀nù 7.5 irú ìwọ̀n bẹ́ẹ̀ lọ́dọọdún, wọ́n fún ti ìsàlẹ̀ ní mílíọ̀nù 7.5, ní ọdún 1944 ni wọ́n tún ṣèlérí mílíọ̀nù 1.5 fún Mẹ́síkò. Àkọsílẹ̀ ọdún díẹ̀ tí wọ́n ti ń wọn odò náà ni wọ́n gbé ìpín yìí kà, àkọsílẹ̀ náà sì dára púpọ̀.

Ó dára jù. Ní ọdún 1976, Charles Stockton àti Gordon Jacoby fi òrùka igi ka omi odò náà sẹ́yìn fún àwọn ọ̀rúndún tí ó ti kọjá. Wọ́n rí i pé ìbẹ̀rẹ̀ ọ̀rúndún ogún, ìgbà tí wọ́n ń wọn odò náà gan-an, jẹ́ ọ̀kan nínú àwọn àkókò tí omi pọ̀ jù lọ láti ọ̀pọ̀ ọ̀rúndún wá, àti pé ohun tí odò náà máa ń mú wá lọ́dún kan pẹ̀lú òmíràn jẹ́ nǹkan bí mílíọ̀nù 13.5. Ìṣirò àwọn mìíràn lẹ́yìn wọn sún un sókè díẹ̀, kò sì sí èyí tí ó dé ohun tí wọ́n ti pín. Bí ẹni tí ó wo ìkòkò ọbẹ̀ ní ọjọ́ ọdún ni wọ́n ṣe, tí ó sì ṣèlérí fún gbogbo ará ilé pé bẹ́ẹ̀ ni yóò máa kún lójoojúmọ́. Ìwádìí tí ó jáde ní ọdún 2007 tún lọ sẹ́yìn dé ọdún 762, ó sì fi hàn pé ní àárín ọ̀rúndún kejìlá, odò náà fà fún ọ̀pọ̀ ọdún ju bí ẹnikẹ́ni tí ó wà láyé ti rí i rí. Ní oṣù Kẹjọ ọdún 2021, fún ìgbà àkọ́kọ́, ìjọba Amẹ́ríkà kéde pé omi kò tó, wọ́n sì dín ìpín Arizona àti Nevada kù. Àwọn àgbẹ̀ Arizona ni ó kọ́kọ́ jìyà rẹ̀. Oko tí bàbá wọn dá nípa ìlérí ọdún 1922 di ilẹ̀ gbígbẹ.

Ní ti Ìwọ̀ Oòrùn Áfíríkà, ohun èlò tí a fi ń wọn òjò kò tíì pẹ́ níhìn-ín ju ìgbà ìjọba àwọn Òyìnbó lọ, àwọn ibi tí àkọsílẹ̀ wọn kò sì já rárá ṣọ̀wọ́n. Nítorí náà, igi ilẹ̀ yìí níye lórí ju bí owó pákó ti fi hàn lọ. Ní erékùṣù Java, tí ó jẹ́ ilẹ̀ olóoru bí ti ibí, Berlage ti ka tíìkì ní ọdún 1931 láti ọdún 1929 sẹ́yìn dé 1514. Nítòsí ilé, ní àríwá orílẹ̀-èdè Benin àti ní Côte d'Ivoire, àwọn onímọ̀ tí Jochen Schöngart ṣáájú wọn yẹ igi mẹ́fà wò, apá àti àyìn wà lára wọn, ìròyìn wọn sì jáde ní ọdún 2006. Wọ́n rí i pé òrùka wọn jẹ́ ti ọdọọdún, àti pé òjò ni ó ń pinnu fífẹ̀ rẹ̀. Apá ni ó sọ̀rọ̀ jù lọ. Láti inú rẹ̀ ni wọ́n ti ṣírò òjò sẹ́yìn dé ọdún 1840, ìgbà tí Ìbàdàn ṣẹ̀ṣẹ̀ ń borí Fúlàní ní Òṣogbo, ohun tí wọ́n sì rí ni ilẹ̀ tí ó ń gbẹ sí i láti ìgbà náà.

Apá yìí kan náà ni àwọn oníṣòwò gẹdú ń wá kiri. Igi rẹ̀ le, ikán kì í tètè mú un, àwọn daran-daran sì máa ń gé ẹ̀ka rẹ̀ fún màlúù ní ẹ̀ẹ̀rùn. Ó ti dínkù débi pé ní oṣù Kọkànlá ọdún 2022, àwọn orílẹ̀-èdè àgbáyé tí ó pàdé ní Panama fi apá ilẹ̀ Áfíríkà sínú àwọn igi tí wọn kò gbọdọ̀ kó kọjá ẹnu ibodè láìgba ìwé àṣẹ. Igi tí ó dàgbà jù ni ayùn ń kọ́kọ́ wá, nítorí pé òun ni ó tóbi jù. Òun náà sì ni òjò ìgbà pípẹ́ jù lọ wà nínú rẹ̀. Ohun tí iṣẹ́ kíkà náà ń fẹ́ lára irú igi bẹ́ẹ̀ kò pọ̀: pèlébé kan láti ìdí ìtì, tí ó nípọn bí ìka mẹ́ta, tí èèpo rẹ̀ wà lára rẹ̀ kí òrùka ìkẹyìn má bàa sọnù, pẹ̀lú orúkọ igbó tí wọ́n ti gé e àti ọjọ́ tí ó ṣubú.